Ìrù Tí Mi Ò Gbà Kó Kanlẹ̀

Òórùn aró ló máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ó máa ń ṣáájú àkùkọ. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Ìtòkú mọ ohun tí mò ń wí: òórùn kíkan bíi ti ewé tó rà sínú omi. Àlejò á fọwọ́ bo imú, àwa ọmọ aláró á sì máa fà á símú bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, Màámi ti po eérú mọ́ omi, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́bàá ìkòkò aró kó gbẹ díẹ̀ kó tó ṣù ú. Adìẹ kan ti rìn kọjá lórí rẹ̀. Aláǹgbá náà ti gba ibẹ̀. Mo rò pé yóò bínú, àfi bó ṣe pè mí.

"Rálíátù, èwo ni ti adìẹ, èwo ni ti aláǹgbá?"

Mo ní èyí tó ní ìlà láàárín ni ti aláǹgbá, torí ó ń wọ́ ìrù nílẹ̀. Adìẹ ò wọ́ nǹkan kan.

Ìyẹ́ adìẹ ni Màámi fi ń ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ àdìrẹ kí aró má baà mu ibẹ̀, kò sì sí ẹyẹ tó ń yà tí kì í kọ́kọ́ wo ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. "Ẹnu ń parọ́," á ní, "ipasẹ̀ kì í parọ́."

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, Aké ni mo ti ń lọ síléèwé. Tíṣà wa ní ẹranko rọ́bà kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun, aláwọ̀ ewé, kò ju ìka mi mẹ́rin lọ. Ó ní dáínósọ̀ lorúkọ rẹ̀, ẹranko tó tóbi ju ilé alájà lọ, tó ti kú tán kí ènìyàn tó dáyé, tí egungun rẹ̀ ti di òkúta nínú ilẹ̀. Ẹranko náà nàró gangan bí ọlọ́pàá, ó fi ìrù tilẹ̀ lẹ́yìn. Tíṣà tún ṣí ìwé kan fún wa. Ojú ẹsẹ̀ ẹranko náà ló wà níbẹ̀ lára òkúta, ìka mẹ́ta mẹ́ta, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Mo wò ó títí. Kò sí ìlà láàárín.

Ó ní kí kálukú lọ fi amọ̀ mọ tirẹ̀ wá; èyí tó bá dáa jù ni yóò wà lórí tábìlì níwájú àwọn òbí lọ́jọ́ ìparí sáà. Mo fẹ́ tábìlì yẹn bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ ẹran Iléyá. Wọn ò tíì pe orúkọ ọmọ ilé wa kankan níbẹ̀ rí.

Mo mọ tèmi. Mo tẹ̀ ẹ́ síwájú bí adìẹ tó ń sá, mo na ìrù rẹ̀ sẹ́yìn lókè. Ó dojú bolẹ̀. Mo ki igi ìgbálẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀, mo ń bu amọ̀ kún ìrù díẹ̀díẹ̀ títí ìrù fi wúwo tó orí. Ó dúró.

Nígbà tí Tíṣà rí i, ẹ̀rín pa á. "Rálíátù, adìẹ wo lo mọ wá yìí? Ta ló tu ìyẹ́ lára ẹ̀?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ojú ìrù ò sí nínú ìwé yín. Ẹranko tó bá ń wọ́ ìrù, ilẹ̀ á sọ."

"Òyìnbó tó ṣe tèmi ò wá mọ̀ tó ọmọ aláró?"

Tíṣà nawọ́ sí ẹranko mi. Ó gbé e, ó yí i wò, ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. "Ọwọ́ ẹ dáa. Tẹ ìrù yìí wálẹ̀ kó kanlẹ̀, tìẹ ni yóò wà lórí tábìlì."

Amọ̀ náà ṣì tutù. Àtàǹpàkò lásán ni mo nílò. Mo kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Mi ò ní tẹ̀ ẹ́, sà."

Ó nà mí ní pàṣán mẹ́ta, ó sì gbé ẹranko mi sábẹ́ àga. Abẹ́ àga náà ni Màámi ti bá a lọ́jọ́ àwọn òbí. Bá a ṣe délé ló bẹ̀rẹ̀: "Ìrù amọ̀, o ò lè tẹ̀ ẹ́? Agídí yìí, ilé ọkọ wo ló máa gbà á?"

"Ẹ̀yin náà lẹ ní ipasẹ̀ kì í parọ́."

Ó wò mí lọ wò mí bọ̀. "Mi ò kọ́ ọ lágídí o," ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹran méjì ló fi sí oúnjẹ mi lọ́jọ́ náà.

Lọ́dún tó kọjá, Múínátù ọmọ-ọmọ mi, tó ń kọ́ nípa òkúta ní yunifásítì, ra dáínósọ̀ rọ́bà fún àbúrò rẹ̀ ní Ìbarà. Ẹranko náà tẹ̀ síwájú, ìrù rẹ̀ nà gbọọrọ lókè. Mo pariwo, "Ta ló gbé ìrù ẹ̀ sókè?"

"Màmá àgbà, bó ṣe rí nìyẹn." Ó ní àwọn tó kọ́kọ́ to egungun wọ̀nyẹn jọ ló fipá tẹ ìrù wálẹ̀, àwọn tó ń ṣe ohun ìṣeré sì tẹ̀ lé wọn. Ó tún rọ̀ wọ́n lọ́rùn, torí rọ́bà ẹlẹ́sẹ̀ méjì máa ń ṣubú. Ìrù wá di ẹsẹ̀ kẹta. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé padà wo egungun àti ipasẹ̀ dáadáa, tí wọn ò rí ojú ìrù, àwọn tó ń ṣe ohun ìṣeré náà yí tiwọn padà. Mo gba ẹranko náà, mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀: ó fẹ̀ bíi páànù, kó má baà ṣubú. Mo ní irọ́ ò tíì tán. Ó kàn kúrò nídìí, ó wọ àtẹ́lẹsẹ̀ ni.

Ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ bá mi yọ̀ pé wọ́n dá mi láre. Mo mọ̀ pé mo jàre látìgbà náà. Ohun tó ń dùn mí yàtọ̀. Iṣẹ́ Màámi ni mo ń ṣe títí dòní. Láti ọjọ́ tí ayédèrú àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ti gba ọjà wa, àwọn oníbàárà ń gbé e wá fún mi pé kí n ya irú rẹ̀, ẹyẹ oníka márùn-ún bí ọwọ́ ènìyàn, irú ẹsẹ̀ tí ẹyẹ kankan ò ní. Mo sì ń yà á. Kò sẹ́ni tó nà mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tún gbé e dé. "Màmá, bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ni mo fẹ́ o."

Mo ká aṣọ rẹ̀, mo dá a padà fún un. "Ọmọ mi, mi ò ya irú ẹ̀ mọ́."

Ó pòṣé, ó sì lọ. Kó máa pòṣé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan tí kò gbà kí ìrù kanlẹ̀ ti fi mí sílẹ̀ sẹ́yìn tipẹ́tipẹ́. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n n ó lé e bá.