Ọ̀rá Ara Àga

Ilẹ̀ lásán ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ń jókòó sí nílé ìwé ìjọba tí mo ti ń kọ́ni l'Ágége. Lọ́jọ́ tí àwọn aláṣẹ fẹ́ wá ṣe ìfilọ́lẹ̀ àtúnṣe ètò ẹ̀kọ́, ọkọ̀ akẹ́rù já àga tuntun tí wọ́n fi ọ̀rá wé sílẹ̀ láàárọ̀. Ọ̀gá ilé ìwé pariwo mọ́ àwa olùkọ́ pé, "Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ bó ọ̀rá ara ẹ̀ o!" Ó yẹ kí n ti fura. Ta ló ń fún èèyàn ní nǹkan tí á ní kó má bó ọ̀rá ẹ̀?

Àwọn aláṣẹ dé, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ní ọmọ olówó àti ọmọ tálákà ti dọ́gba. Kí wọ́n wá mú ọmọ tiwọn wá síbẹ̀, ká rí i! Bí wọ́n ṣe lọ tán, ọkọ̀ padà wá kó àga, ó di ilé ìwé mìíràn tí wọ́n ti fẹ́ ya fọ́tò lọ́la.

Ọmọbìnrin kan, ọmọ wẹ́dà, bi mí pé, "Àǹtí, kí la ṣe tí wọ́n fi gbà á?"

Ó ti yọ́ ya ọ̀rá díẹ̀ lára àga tiẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó jókòó lé e. Gbogbo àtúnṣe tó kù sí kíláàsì mi nìyẹn.