Táyé Nínú Ẹrù Ará Ṣábẹ̀

Mo rántí ìgbà tí imú mi mọ òórùn osùn tó ti pẹ́ lára igi ju bó ṣe mọ òórùn ọbẹ̀ lọ. Àwọn Faransé ló ń ṣe ìjọba Dàhòmì nígbà náà, mo sì ń bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ ní Ganhi, ní Kútọnu. Ohun àtijọ́ ni ọ̀gá mi ń rà tó ń tà: ẹ̀gbà ide, ìlẹ̀kẹ̀ tí ìyá fi sílẹ̀ fún ọmọ, àpótí àwọn Àgùdà, ère ìbejì. Àwọn òyìnbó tó ń dúró de ọkọ̀ òkun tí yóò gbé wọn padà sílé ló ń rà á. Ọ̀gá kọ́ mi bí a ṣe ń dá ojúlówó mọ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń gbẹ́ ère lónìí, tí wọn yóò rì í mọ́ ẹrọ̀fọ̀, tí wọn yóò gbé e sínú èéfín kó lè dàbí ohun tó ti gbó. Irú ère bẹ́ẹ̀ á dúdú kárí, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ á ṣì mú bí abẹ. Èyí tí ìyá fi ọwọ́ wẹ̀ láràárọ̀ fún ọdún pípẹ́, ojú rẹ̀ á jọ̀lọ̀ bí òkúta inú odò, osùn á sì ti há sí kọ́lọ́fín etí rẹ̀. Bí mo bá ti fi àtàǹpàkò kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ère, mo lè sọ bóyá ọwọ́ ọ̀tún tàbí òsì ni ìyá yẹn ń lò. Mo rò pé kò sí ohun tí ojú mi kò lè rí. Ẹnu mi kì í sinmi.

Ìbejì ni èmi náà, Kẹ́yìndé ni mí. Ní ilẹ̀ Kétu tí wọ́n ti bí mi, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọn á gbẹ́ ère rẹ̀, ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa bọ́ ọ, bó ti ń ṣe fún èyí tó wà láàyè. Wọ́n ní èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n ni mo rán Táyé pé kó lọ tọ́ ayé wò. Ó tọ́ ọ wò, ó padà, kò sọ fún mi bó ṣe rí lẹ́nu rẹ̀. Abọ́ méjì ni màmá mi máa ń gbé kalẹ̀, tèmi àti tirẹ̀. Ní Kútọnu, abọ́ kan ni mo ní. Inú agboolé àwọn Gùn létí ọ̀sà ni yàrá mi wà. Wọ́n ń kí mi dáadáa, mo sì ń dá wọn lóhùn ní èdè wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bi mí bóyá mo ti jẹun.

Nígbà tí màmá mi kú, mo lọ sin ín. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo béèrè Táyé. Àbúrò bàbá mi, tó ti di ọmọ ìjọ, ní òun ti gbé e fún oníṣòwò kan tó ń kọjá lọ. Ó ní igi ni. Kí ni mo fẹ́ wí, èmi tí mo ń bá ọ̀gá mi ra ti ẹlòmíràn? Àwọn àgbà ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà.

Láti ìgbà náà, kò sí ẹrù tó dé Ganhi tí n kò tú wò. Ọkọ̀ òkun ni mo ń bá sáré. Bí òyìnbó kan bá gbé Táyé wọlé sínú rẹ̀, a ti pínyà lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Àmì méjì ni mo ní: ọlọ́wọ́ òsì ni màmá mi, ó sì máa ń dojú kọ ère bó ti ń wẹ̀ ẹ́, nítorí náà ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀ á ti jọ̀lọ̀ ju ti òsì lọ, etí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti fọ́, nítorí wọ́n ní mo gé e jẹ nígbà tí eyín ń yọ fún mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọkọ̀ dúró lójú òkun, ará Ṣábẹ̀ kan, àgbàlagbà oníṣòwò tó máa ń gba Godomey wọ̀lú, sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ níwájú ìsọ̀ wa. Mo tú u wò, mo rí àmì méjèèjì lára ère kan: Táyé wà níbẹ̀. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ ère obìnrin kan, ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn. Òyìnbó kì í fẹ́ ẹyọ kan, méjì ló ń fẹ́. Oníṣòwò tó bá rí ẹyọ kan ní Kétu, tó rí òmíràn ní Ìdáàṣà, bí gíga wọn bá ti bára mu, á so wọ́n pọ̀, wọ́n di ìbejì.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi tú ọkùnrin yìí. Òun nìkan ni mo fẹ́.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Kí n tú tọkọtaya ká nítorí tìrẹ? Ta ni yóò wá ra opó lọ́wọ́ mi?”

Mo ní wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, pé ọwọ́ òsì ló wẹ ọ̀kan, ọ̀tún ló wẹ èkejì. Ó ní òun mọ̀, òyìnbó ni kò mọ̀. Ọ̀gá mi ti kọ́ mi pé oníṣòwò kì í jẹ́ kí ọjà mọ̀ pé òun fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti wà lára okùn náà.

“Ọmọ ìyá mi ni,” mo wí.

Ará Ṣábẹ̀ wo ère, ó wò mí. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. “Gbogbo wọn ló ní ọmọ ìyá,” ó wí jẹ́jẹ́. “Mú méjèèjì, tàbí kí o fi méjèèjì sílẹ̀.”

Kẹ̀kẹ́ mi tí mo fi ń ṣe fàájì kiri Ganhi ni mo fi gbà wọ́n. Ó gùn ún lọ, inú rẹ̀ ń dùn bíi ti ọmọdé.

Nígbà tí mo délé, mo tú okùn. Mo wẹ Táyé, mo fi òróró pa á lára, mo gbé ẹ̀wà síwájú rẹ̀. Obìnrin náà ni mo gbé sí igun, mo ní bí ará Ṣábẹ̀ bá tún dé, màá dá a padà fún un. Ọjọ́ mélòó kan ni a fi ń jẹun tó ń wò wá. Ara mi kò gbà á, èmi tí mo mọ bó ṣe ń rí kéèyàn máa gbọ́ ìró abọ́ láti yàrá ẹlòmíràn. Mo lọ ra abọ́ sí i.

Títí di òní, mo ṣì ń gbé létí ọ̀sà. Obìnrin tó bá ti òkè wá, ìbáà jẹ́ ará Ṣábẹ̀ tàbí ará Ìdáàṣà, mo máa ń fi ère obìnrin náà hàn án. Kò tíì sẹ́ni tó dá a mọ̀. Ìyá rẹ̀ á ti kú, ṣùgbọ́n ìkejì rẹ̀ lè wà níbì kan tó ń tú ẹrù ẹlẹ́rù wò. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju pé ọwọ́ ọ̀tún ni ìyá rẹ̀ ń lò. N kò mọ̀ bóyá òun ló kọ́kọ́ wáyé tàbí òun ló gbẹ̀yìn. Nítorí náà, bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ láàárọ̀, mo máa ń pe Táyé, mo máa ń pe Kẹ́yìndé, mo sì máa ń dúró díẹ̀, kí ó lè mú orúkọ tó jẹ́ tirẹ̀.