Ọwọ́ Òsì Bàbá Mi

Ọdún kejì tí mo ń ṣiṣẹ́ ní sitúdíò kékeré kan ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù, ni ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Ìkẹ́nnẹ́ pinnu láti gba orin sínú kásẹ́ẹ̀tì fún ìkórè. Bàbá mi ni onílù wọn. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì ti ń lu àkúbà ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí mi ò tíì mọ̀wé kà. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó ṣáájú, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ̀ sípò, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì tún já gaara, àmọ́ agbára ọwọ́ òsì rẹ̀ kò padà tán.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá gba orin náà, bàbá mi kò ṣi ìlù lù rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ tán tí mo tún un gbọ́, ọ̀tún nìkan ló ń dún. Òsì kàn ń rá pálá lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni ń fi aṣọ nu tábìlì.

Ọ̀gá mi gbọ́ ọ, ó ní, "Wá ẹlòmíì tí yóò tún un lù."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi ní ọjọ́ méjì."

Ó wojú mi, ó rántí ẹni tó lu ìlù náà. Ó ní ó dáa.

A ní ẹ̀rọ kan tí à ń pè ní kọ́mpírẹ́sọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tẹ ohùn tó bá ga jù mọ́lẹ̀, kí èyí tó kéré lè bá a dọ́gba. Mo gbé gbogbo ìlù náà gba inú rẹ̀ kọjá, mo sì tẹ̀ ẹ́ gan-an. Lóòótọ́, òsì jáde. Inú mi dùn débi pé mo ní kí bàbá mi wá gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì.

Ó gbọ́ orin kan tán, ó yọ ẹ̀rọ ìgbọ́hùn kúrò létí.

"Ta ló lù ú?"

"Ẹ̀yin ni, Bàámi."

"Èmi kọ́. Ọ̀tún mi kì í ṣe ọ̀lẹ báyìí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọmọ mi, ṣé o dá ọ̀tún lápá kó lè bá òsì dọ́gba ni?"

Mo sìn ín dé ibi ọkọ̀. Nígbà tí mo padà dé, omi ti lé sí mi lójú. Ọ̀gá mi fa àga sún mọ́ mi.

"Ṣe ìlù náà ní ẹ̀dà méjì," ó ní. "Fi ọ̀kan sílẹ̀ bí wọ́n ṣe lù ú. Èkejì ni kó o tẹ̀ dáadáa, kó o wá máa gbé e bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ti àkọ́kọ́."

Èyí tí mo tẹ̀ náà kò ṣeé gbọ́ lóun nìkan. Ó há, ó ń mí gúlegúle. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rọra ń gbé e sókè lábẹ́ ti àkọ́kọ́, ọ̀tún ṣì le bí bàbá mi ṣe lù ú, òsì sì yọjú. Mo ń gbọ́ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé kásẹ́ẹ̀tì lọ sílé ní Ìkẹ́nnẹ́. Bàbá mi tẹ́tí sí i. Ìyá mi, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, dáwọ́ dúró.

"Ọwọ́ òsì yín nìyẹn," ó ní. Ó mú ọwọ́ náà, ó gbé e lé itan ara rẹ̀.

Bàbá mi ní kí n tún un fi sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó jókòó ti àkúbà rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Nínú orin kejì, ìyá mi, tó wà láàárín àwọn akọrin, rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin tó dúró tì í wò ó, òun náà rẹ tirẹ̀ sílẹ̀, títí tó fi kárí gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ orin náà tán, jẹ́jẹ́, tí a sì ń gbọ́ ọwọ́ méjèèjì.