Attracta Mulvihill Kò Gbàgbé Aago

Èwo ni pé ó ti darúgbó? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹnikẹ́ni tó bá ní Attracta Mulvihill ló gbàgbé aago, tó fi jẹ́ pé agogo ṣọ́ọ̀ṣì Kilbrackan lé gbogbo ìjọ sínú òjò lọ́jọ́ Sọ́ńdè ọjọ́sí, irọ́ lonítọ̀hún ń pa. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Obìnrin kúkurú ni Attracta. Tó bá dúró lẹ́yìn àga ṣọ́ọ̀ṣì, fìlà rẹ̀ nìkan lèèyàn ń rí. Malachy ọkọ rẹ̀ ló ń fa okùn agogo tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Malachy, gbogbo wa ti padà sílé, a ti ń mu tíì, ìrọ̀lẹ́ ti dé, a kàn gbọ́ agogo àdúrà. A wo ara wa lójú. Ta ló ń fà á? Attracta ni o, tòun taṣọ dúdú ìsìnkú lọ́rùn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kúrò nílẹ̀ nígbàkígbà tí okùn bá gòkè. Láti ọjọ́ náà ló ti di iṣẹ́ rẹ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ó sì ní àṣà kan. Kó tó lu ti ìkẹyìn, ó máa ń dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ́tí bóyá ẹnìkan máa dáhùn. Àwọn tó ń gé koríko lóko kì í dé fìlà wọn padà títí tí ìkẹyìn yẹn á fi dún. "Ó ti kí Malachy," ni wọ́n máa ń wí.

Fadá Colman ló wá gbé ẹ̀rọ dé. Ẹ má gbọ́ mi sódì, èèyàn dáadáa ni Fadá. Inú yìnyín ló fẹsẹ̀ rìn lọ bá ìyá Dympna ọ̀rẹ́ Attracta lọ́jọ́ tí ìyá náà ń kú lọ. Ó ní okùn ti ń ba èjìká Attracta jẹ́, òótọ́ sì ni. Wọ́n so kọ̀ǹpútà kékeré kan mọ́ ògiri, kò ju àpótí búrẹ́dì lọ, òun ló ń pàṣẹ fún òòlù tó ń lu agogo.

"Tí wọ́n bá yí aago fún ìgbà òtútù ńkọ́, Fadá?" Attracta bi í. "Ṣé èmi ni mo máa yí i?"

"Rárá o. Ó mọ̀ ọ́n fúnra ẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Kò fọwọ́ kàn án. Ó kàn máa ń fi aṣọ nu eruku ara rẹ̀ ni, bó ṣe ń nu àwọn ọ̀pá àbẹ́là, kó má bàa rò pé òun kórìíra rẹ̀. Bí Attracta ṣe rí nìyẹn. Wọ́n gba iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹ̀rọ, ó tún ń tọ́jú ẹ̀rọ bí àlejò. Àwọn kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó so wọ́n mọ́ okùn bàtà Malachy.

Òpin oṣù kẹwàá wá dé, tí gbogbo ìlú ń yí aago sẹ́yìn ní wákàtí kan fún ìgbà òtútù. Ẹ̀yin náà mọ bí àárọ̀ ọjọ́ yẹn ṣe máa ń rí. Ọkọ á yí i, ìyàwó á tún un yí. Ẹlòmíì á gbàgbé pátápátá. Kò sẹ́ni tó gba aago ara rẹ̀ gbọ́, agogo ṣọ́ọ̀ṣì la gbà gbọ́. Nítorí náà, nígbà tí agogo Mísà dún, tí omi tíì ò tíì hó, kò sẹ́ni tó ní agogo ló ṣìnà. Kálukú rò pé òun lòun yí aago òun sódì! Ìlú tú jáde. Ìbọ̀sẹ̀ ẹyọ kan ni Dympna wọ̀. Àwọn ọmọ ilé Considine jáde pẹ̀lú ọṣẹ nínú irun. Gbogbo wa dúró síwájú ilẹ̀kùn tó wà ní títì, òjò ń rọ̀ wá lórí, ó ku wákàtí méjì gbáko kí Mísà bẹ̀rẹ̀.

Attracta sáré dé pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù, ó ń rùn fún ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín. Fadá jáde, ọṣẹ ìfárùngbọ̀n ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan.

"Attracta, kí lẹ ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan, Fadá."

Fadá fa ẹ̀rọ yọ lára iná. Nígbà tí Mísà wá bẹ̀rẹ̀, inú ń bí ìjọ, aṣọ wọn tutù, Fadá sì fẹ́ pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Láti orí pẹpẹ ló ti sọ ọ́: "Ẹ bá wa dárí ji Attracta wa. Aago ti dà á lórí rú. Ọjọ́ orí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀." Ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín gèè. Lẹ́yìn Mísà, ó na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni o, ó ní kó lọ sinmi díẹ̀. Attracta tú kọ́kọ́rọ́ kúrò lára okùn bàtà.

Lọ́sẹ̀ yẹn, kò yọjú sí ṣọ́ọ̀bù. Dympna ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ti ilẹ̀kùn wọlé.

"Ṣé o ti kú ni, kí n wá gba ìkòkò tíì ẹ?"

"Ó lè jẹ́ èmi náà ni, Dympna. Mo máa ń nù ún. Tí mo bá ti tẹ nǹkan tí mi ò sì rántí ńkọ́? Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún ìyá mi nìyẹn."

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nìyẹn, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀rù orí ara rẹ̀ ló ń bà á.

"Aṣọ ìnueruku ló ń yí aago? Ìwọ obìnrin yìí! Gbé fóònù, jàre." Dympna ti kọ nọ́ńbà àwọn tó ṣe ẹ̀rọ wá láti ara àpótí yẹn.

Ọkùnrin kan gbé e lókè òkun lọ́hùn-ún. Nígbà tó gbọ́ pé Ireland ni wọ́n ti ń pè, ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin náà! Ẹ̀yin lẹ ń dà wá láàmú láti ọjọ́ Sọ́ńdè."

Ó wá ṣàlàyé. Níbi tó pọ̀ láyé, aago ìgbà òtútù ni aago gidi, tí ooru bá dé, wọ́n á fi wákàtí kan kún un. Òfin tiwa yàtọ̀. Aago ìgbà ooru ni òfin tiwa pè ní gidi, tí òtútù bá dé, a ó yọ wákàtí kan kúrò. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ kọ̀ǹpútà yẹn, fífi kún nìkan ló kọ́ ọ, kò kọ́ ọ ní yíyọ. Bí àsìkò ṣe yí, tí àwa yọ wákàtí kan, òun fi ọ̀kan kún un. Wákàtí méjì ló fi ṣíwájú wa nìyẹn. Ẹ wo ìwà! Ẹ máa ṣe ẹ̀rọ fún ilé onílé, ẹ ò sì ní bi onílé bó ṣe ń ka aago?

"Nínù tí mo ń nù ún ńkọ́?" Attracta bi í.

"Màmá, bẹ́ ẹ wẹ̀ ẹ́ lómi lójoojúmọ́, kò lè fa èyí. Ẹ ní kí Fadá so ó mọ́ iná padà, a máa tún un ṣe látibí."

Attracta gbé fóònù sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, Dympna ń gbá a lẹ́yìn, ó ń bú u.

Attracta lọ ṣàlàyé fún Fadá. Fadá so ẹ̀rọ mọ́ iná, agogo sì dún bó ṣe yẹ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì.

"Ọlọ́run ṣeun," Fadá ní. "Ọ̀rọ̀ ti parí."

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́, Fadá?"

"Ẹ jẹ́ kí Kérésìmesì kọjá ná."

"Ṣé ẹ máa wá sọ fún ìjọ pé kì í ṣe èmi?"

"Ha, Attracta, ta ló tún ń rántí ìyẹn?"

Ta ló ń rántí! Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Fadá kéde bọ́ọ̀lù, ó kéde títa kéèkì, ó kéde ẹni tí ajá rẹ̀ sọnù. Ó pa ìwé dé. Fìlà kan wá dìde lẹ́yìn àga kẹta. Obìnrin tí kò gbé ohùn sókè rí nílé Ọlọ́run ni o. Dympna ní, "Jésù, Màríà," ó di etí àga mú.

"Fadá, ó ku ìkéde kan. Ibi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn lẹ ti sọ pé orí mi ti dàrú. Ibẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ti kó ọ̀rọ̀ yín jẹ. Ta ló ṣi aago kà, Fadá, èmi àbí àpótí yín? Mo ń dúró. Ẹ dáhùn."