Téèpù Màmá Àgbà Lára Ṣéènì Kẹ̀kẹ́

"Di orí téèpù yẹn mú dáadáa, má jẹ́ kó yẹ̀."

Mo fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣéènì kẹ̀kẹ́ tó ń rùn fún kẹrosíìnì. Màmá àgbà ti dojú kẹ̀kẹ́ wọn dé síwájú ilé wa l'Ọ́kà. Wọ́n fi ọwọ́ kan tẹ pẹ́dà kí ṣéènì lè le, wọ́n ka ojú ṣéènì mẹ́rìnlélógún, wọ́n sì wo téèpù.

"Ínǹṣì méjìlá géérégé. Kò tíì gbó."

Aránṣọ ni wọ́n. Àtìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ ni téèpù aláṣọ yẹn ti wà lọ́rùn wọn. Àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣéènì kì í ṣe ṣòkòtò, ṣùgbọ́n Màmá ò yé wọ̀n ọ́n. Tí ojú mẹ́rìnlélógún bá ti kọjá ínǹṣì méjìlá, ṣéènì ti gbó nìyẹn, ó sì lè já. Kẹ̀kẹ́ wọn kò sì ní bíréèkì ọwọ́. Pẹ́dà ni wọ́n ń tẹ̀ sẹ́yìn kí ṣéènì lè dá a dúró, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ọ̀kà ni wọ́n sì fẹ́ gùn ún sọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, pẹ̀lú ẹrù aṣọ lẹ́yìn.

Ọmọ tó fẹ́ràn àtiyẹ nǹkan wò ni mí. Bí wọ́n ṣe wọlé lọ wẹ̀, mo yọ rúlà onígi mi tó jẹ́ ínǹṣì méjìlá nínú báàgì iléèwé, mo gbé e lé ṣéènì. Ṣéènì fi bí ìlàjì hóró àgbàdo kọjá rúlà. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ta ni mo fẹ́ bá sọ ọ́? Nílé wa, ọmọdé kì í sọ pé àgbà ṣì í wọ̀n. Àmọ́ mo rántí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Nǹkan mìíràn ni rúlà mi ń sọ."

"Rúlà ọmọ iléèwé ló wá fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?"

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Mo ti ń retí ìgbátí. Wọn ò tiẹ̀ gbé e dé ibi ṣéènì, ara téèpù wọn ni wọ́n gbé e lé. Méjìlá orí téèpù kọjá ìparí rúlà. Téèpù pàápàá ti fà.

Wọ́n pariwo: "Háà! Ìyẹn ni pé àbúrò mi ò rù!"

Àbúrò wọn kan wà l'Ákùúrẹ́ tó máa ń fi téèpù tirẹ̀ wọn ara rẹ̀, tó sì ń fi ìwọ̀n náà ránṣẹ́ lórí fóònù. Gbogbo aṣọ tí Màmá bá fi téèpù tó ti fà yìí rán fún un ló ń fẹ̀ jù, wọ́n á sì ní ó ti rù, kó lọ máa jẹun. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín tán, wọ́n yíjú sí ọ̀nà Ìkàrẹ́.

"Ọmọ mi, ọ̀kadà ni mo máa wọ̀ lónìí."

Wọ́n ra ṣéènì tuntun bọ̀. Rúlà mi kò kúrò nínú àpótí ìránṣọ wọn mọ́, olùkọ́ mi sì bá mi wí títí Màmá fi ra òmíràn fún mi.

Nọ́ọ̀sì ni mí báyìí. Láràárọ̀, kí n tó gbé ọmọ ẹnikẹ́ni sórí òṣùwọ̀n, mo máa ń kọ́kọ́ gbé páálí ṣúgà oníkílò kan lé e. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mo fẹ́ po tíì. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Àgbà kan ni mò ń rántí, tó gba rúlà lọ́wọ́ ọmọdé, tó sì kọ́kọ́ fi yẹ téèpù ọrùn ara rẹ̀ wò.