Bẹ́ẹ̀dì Àwọn Oníṣẹ́ Alẹ́

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, aṣọ ibùsùn ni èmi àti ìyàwó mi jọ ká. Èyí tó ní rọ́bà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni, tí ẹnì kan kì í lè dá ká kó dára. Ó di etí kan mú, mo di ìkejì mú, a fà á, a rìn pàdé ara wa, ó gba igun ọwọ́ mi, a tún padà sẹ́yìn. Rédíò ń sọ̀rọ̀ nílé ìdáná. Ó ní kí n má fà á tipátipá, pé aṣọ ni, kì í ṣe ewúrẹ́. Lẹ́yìn náà ó jókòó ti fóònù rẹ̀, ó ń pe àwọn nọ́ọ̀sì tó ń bá wa gba àlejò sílé. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó ní àyà ń fún òun. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, kò sì padà wálé mọ́.

Aṣọ tí a ká náà kì í ṣe tiwa. Ti àwọn àlejò ìpàtẹ ni. Lọ́dọọdún ni àwọn tó ń ta wíìgì, òróró irun àti ẹ̀rọ onídìrí máa ń pàtẹ ọjà nínú gbọ̀ngàn ńlá kan lódìkejì odò, tí kò jìnnà sí Woolwich, nílùú òyìnbó níbí. Ìyàwó mi ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Nathan Way, ó sì ní àwọn ẹlẹgbẹ́ ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta tí wọ́n fẹ́ fi ojú ara wọn rí ọjà tuntun. Owó òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀bá gbọ̀ngàn yẹn kì í ṣe fún irú wa lásìkò ìpàtẹ. Ìyàwó mi ló ń wá ibi tí wọn yóò sùn sí.

Ní Thamesmead tí à ń gbé, ilé kì í ṣófo. Ekukáká lo fi máa rí yàrá kan tí èèyàn kò kún. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ti ṣàkíyèsí pé alẹ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa fi ń ṣiṣẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń tọ́jú arúgbó. Bẹ́ẹ̀dì wọn á wà nílẹ̀, kò ní sẹ́ni tó sùn sí i títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ibẹ̀ ló ń fi àlejò sí. Á fún àlejò kọ̀ọ̀kan ní aṣọ ibùsùn àti àpò ìrọ̀rí tirẹ̀. Tí ó bá jí, á ká tirẹ̀ kúrò, á jáde. Lẹ́nu ọ̀nà ni onílé àti àlejò máa ń pàdé. Àlejò á ní, "Ẹ káàárọ̀." Nọ́ọ̀sì tí oorun ti ń kùn á dáhùn pé, "Ó dàárọ̀ o." Ìyàwó mi kì í yé rẹ́rìn-ín sí i.

Iṣẹ́ tèmi ni ọ̀nà. Mo pẹ́ ní ọ́fíìsì tó ń ṣètò bọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà èmi ni mo ń sọ ọkọ̀ tí wọn yóò wọ̀ láti pápákọ̀ òfurufú, àti ibi tí gbogbo wa yóò ti pàdé láàárọ̀, ní gbàgede Woolwich, níwájú tẹlifíṣàn ńlá, kí a tó wọ reluwé sọdá odò. Ọ̀nà ni tèmi, bẹ́ẹ̀dì ni tirẹ̀. A kì í dá sí ti ara wa.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn èèyàn gbà pé a kò ní gba àlejò lọ́dún yìí. Kò sẹ́ni tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Wọ́n ń gbé oúnjẹ wá, wọ́n ń gbé abọ́ lọ. Mò ń sùn lórí àga ní pálọ̀. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá wa pa, n kò sì tíì ṣí i láti ìgbà náà. Kì í ṣe pé mò ń sunkún. Ó dà bíi pé wọ́n fi òwú dí mi létí, tí mo kàn ń rí ẹnu àwọn èèyàn tó ń mì.

Ìgbà yẹn ni Màmá pè láti Ìbàdàn. Òun ló dàgbà jù nínú àwọn àlejò wa, ìyẹn la fi ń pè é ní Màmá, ó sì ti ń bá wa bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kí mi títí, ó ṣàdúrà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọkọ ọmọ mi, mo ti gba físà kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé kí n jókòó sílé mi?"

Mo ní, "Ẹ máa bọ̀, Mà."

N kò rò ó kí n tó sọ ọ́. Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Màmá yóò sọ fún àwọn tó kù, gbogbo wọn yóò sì wá. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ rí ibi tí yóò fi orí lé, èmi tí n kò lè wọ yàrá ara mi ni yóò sì wá a fún wọn.

Ọmọbìnrin wa ń gbé ní Manchester. Ó ní, "Daddy, kí ló dé tí o kò kàn fi wọ́n sí òtẹ́ẹ̀lì? Kò sẹ́ni tó máa bínú sí ọ." Ìlú òyìnbó la bí i sí, kì í fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ mọ́. Mo ní màá rò ó. N kò rò ó.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo mọ̀. Mo wo ìgbà tí ọkọ̀ òfurufú kọ̀ọ̀kan yóò balẹ̀, mo sì yan ẹni tí yóò dúró de ẹnì kejì kí wọ́n lè jọ wọ reluwé. Mo sọ fún gbogbo wọn pé ẹni tó bá sọnù nínú gbọ̀ngàn, ibi tí wọ́n ti ń gba kóòtù pamọ́ ni kó lọ dúró sí. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan bẹ́ẹ̀dì. Mo ń pe àwọn oníṣẹ́ alẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kí mi kú ara fẹ́ra kù kí n tó lè sọ ohun tí mo bá wá. Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin tó ń tọ́jú arúgbó, kò kí mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó ní, "Uncle, ṣé ẹni tó ń hanrun bíi jẹnẹrétọ̀ yẹn náà ń bọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e fún ẹlòmíì. Aládùúgbò mi wá fẹjọ́ mi sun èmi fúnra mi pé mò ń hanrun, èmi tí mo wà níbi iṣẹ́." Mo gbé ẹni náà fún ẹlòmíì.

Ó ku Màmá. Orúnkún rẹ̀ kò gba àtẹ̀gùn mọ́. Ilé nọ́ọ̀sì kan, ọmọ ìjọ wa ní Thamesmead East, ni ìyàwó mi máa ń fi í sí, torí pé ìsàlẹ̀ pátápátá ni. Nọ́ọ̀sì náà ní, "Daddy, kò sí wàhálà rárá. Ẹ fi Màmá sílẹ̀ fún mi."

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Màmá dé, mo lọ pàdé rẹ̀, a wọ reluwé dé Abbey Wood, a gba bọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó ró aṣọ ìdáná, òórùn ọbẹ̀ gba gbogbo ilé. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá. Ó yíjú sí mi, inú rẹ̀ ń dùn.

"Daddy, mo ti gba líìfù títí ìpàtẹ á fi parí. Mo sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé ẹ ò ní dá nìkan ṣe é lọ́dún yìí."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ní, "Níbo ni ìwọ wá máa sùn?"

Ó wo àpótí Màmá, ó wò mí, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló wà ní yàrá kejì. Ó ní òun á sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Màmá kọ̀. Ó ní, "O gba ìsinmi láti ràn wá lọ́wọ́, o wá gba bẹ́ẹ̀dì mi." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu tèmi náà.

Mo ro ilé tó kù. Ọ̀kan ní àtẹ̀gùn, èkejì ti ní àlejò, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí mo fi rò ó tán. Ilé ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, lẹ́bàá adágún Birchmere, àwọn méjèèjì sì mọ̀ ọ́n. Ilé tèmi ni. Màmá ń wo ìkòkò ọbẹ̀.

Mo ní, "Jẹ́ kí Màmá jẹun níbí. Mo ń padà bọ̀ wá mú wọn."

Mo gba ẹ̀gbẹ́ adágún délé. Mo ṣílẹ̀kùn yàrá. Ó wà bó ṣe wà, ife omi ìyàwó mi lórí tábìlì, ìborùn rẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Mo gbé ife lọ sílé ìdáná. Mo ká ìborùn, mo fi sínú dúrọ́ọ̀. Mo yọ aṣọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì mú èyí tí a jọ ká lọ́jọ́ yẹn láti inú àwọn ti àlejò.

Tí mo bá fi igun kan há fóòmù, èyí tó wà lódìkejì á fò kúrò. Mo yí bẹ́ẹ̀dì náà ká, mo tún fi í há, ó tún fò. Kò sẹ́ni tó máa bá mi di apá kejì mú. Mo jókòó sílẹ̀ díẹ̀. Páálí òróró irun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó kù nínú ọjà rẹ̀. Mo gbé e lé igun kan, ó dúró. Mo lọ sí igun kejì, mo fà á, n kò fà á tipátipá. Mo ṣe ẹ̀kẹta. Mo ṣe ẹ̀kẹrin. Mo gbé páálí kúrò.

Ó rún díẹ̀ níhà ẹsẹ̀. Mo fi àpò sí ìrọ̀rí, mo ṣí fèrèsé, mo wọ kóòtù mi, mo lọ mú Màmá wá.