Ata Màámi Nínú Iyẹ̀pẹ̀ Pupa

Kò sẹ́ni tó mọ Ọmọ́ṣọlá àbúrò mi bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, torí ẹ̀yìn mi ló dàgbà sí. Olóríkunkun ni. Ọdún kọkànlá rẹ̀ nìyí ní Thames View, ní London níbí, tó ń di páálí ní ilé iṣẹ́ kan ní River Road, tó tún ń ṣolórí àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì aládúrà wa. Ohun tó bá sọ, abẹ gé e.

Nígbà tí ìyá wa kú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, òun ló lọ sin ín. Ìwé ìgbélùú tèmi ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba, n kò lè kúrò ní London. Hóró ata Màámi mọ́kànlá ló mú bọ̀. Wọ́n ti da kọnkéré sórí ọgbà tí Màámi ń gbìn ín sí. Tí mọ́kànlá yìí bá kú, ó tán nìyẹn.

Mo ra kọ́ḿpọ́ọ̀sì fún un, iyẹ̀pẹ̀ alápò tí wọ́n fi èèpo àgbọn lílọ̀ ṣe, èyí tó fúyẹ́, tí wọ́n ń lò fún irúgbìn inú ilé. Mo ṣàlàyé pé gbòǹgbò ata kékeré kò lágbára, iyẹ̀pẹ̀ tó bá ki kò ní í jẹ́ kó mí. Ó kọ etí ikún sí mi.

"Àǹtí mi, èèpo àgbọn lẹ rà yìí. Ṣé inú èèpo àgbọn ni Màámi ń gbin ata sí?"

Ló bá fa ọ̀rá kan yọ. Iyẹ̀pẹ̀ pupa ẹ̀gbẹ́ ibojì ìyá wa ni, tó dì sínú bàtà kí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù má baà rí i. Ó dà á sínú ike yógọ́ọ̀tì, ó fi omi àdúrà rin ín, ó gbé e sójú wíńdò lókè hítà tó ń mú ilé móoru. Mo ní kó fi márùn-ún sínú kọ́ḿpọ́ọ̀sì, kó fi mẹ́fà sínú tirẹ̀. Ó kọ̀, inú iyẹ̀pẹ̀ pupa yẹn ló ri gbogbo wọn sí. Mo pè é ní òmùgọ̀ níwájú àwọn ọmọ rẹ̀, kò sì dùn mí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá, nǹkan kan ò hù. Òkè iyẹ̀pẹ̀ náà le bíi bíríkì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ rin gbindin. Mo fi ọwọ́ ara mi fọ́ ọ. Gbogbo hóró náà ti jẹrà, mọ́kọ̀ọ̀kànlá.

"Ṣé o ti ríra ẹ?" ni mo wí. "O ti pa ata Màámi."

Kò sunkún. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ò wá sin ín, kí lẹ mọ̀ nípa ilẹ̀ rẹ̀?"

Mo gbọ́wọ́ sókè kí n gbá a létí. Ọwọ́ náà pupa títí dé èékánná. Láti ọjọ́ tí ìyá wa ti kú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo fọwọ́ kan ilẹ̀ tí wọ́n sin ín sí. Mo jókòó sílẹ̀ ní kíṣìnnì Ọmọ́ṣọlá, mo sunkún. Kò rẹ̀ mí lẹ́kún. N kò sì tíì dárí jì í.